Dátà Pọ̀ Lórí Fóònù Mi, Kí Ló Dé Tí Ohùn Ọmọ Mi Fi Ń Gé?

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, ẹ̀dùn ọkàn kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù: nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ẹni tí n kò bá dá lóhùn lónìí, kó fọwọ́ wọ́nú, mo ṣì ń bọ̀ lórí tiyín.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester. Aláalẹ́ la máa ń rí ara wa lórí WhatsApp. Bàbá wọn ti ra Wi-Fi sílé, ó sì yára, torí àwọn ọmọ àbúrò mi mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ wa ń wo fídíò lórí ẹ̀ láìdúró. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, ohùn á máa gé, tàbí kí àwa méjèèjì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó so ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní 20 mégà ló ń gbé, kò sóhun tó ṣe é. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò ni? Ìyá kan, Abẹ́òkúta.*

Màmá, ẹ kú ìrójú. Ẹ mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò náà kò parọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó ló wọ̀n. Kò wọ̀n bó ṣe ń pẹ́ tó kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ìyàtọ̀ yìí. Ní 2004, mo ń ṣiṣẹ́ ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì kan nítòsí géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Abọ́ sátẹ́láìtì ńlá kan wà lórí òrùlé wa, òun la fi ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bàbá àgbà kan wọlé pẹ̀lú agbádá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Houston. Mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí i létí. Bàbá ń retí kí ọmọ kí òun. Ọmọ kí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ìkíni yẹn tó dé, bàbá ti ń bi í pé ṣé o ò gbọ́ mi ni. Ìkíni wá bọ́ sórí ìbéèrè, ìdáhùn bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí bàbá fi yọ nǹkan náà kúrò létí. Ó ní, "Ọmọ yìí ti dé Amẹ́ríkà, ó ti ń rí mi fín." Ó sanwó, ó jáde. Mo sáré tẹ̀lé e dé ẹ̀bá títì, mo ń ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ọmọ. Ó kàn ń mi orí ni.

Sátẹ́láìtì irú èyí wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè wa. Ọ̀rọ̀ á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, ìdáhùn á tún gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa lò tó ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá lórí ìrìn yẹn. Ẹni tó ń ka íméèlì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan pẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín bàbá Yorùbá àti ọmọ rẹ̀, tí "ẹ káàsán sà" bá pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ìwà la máa kà á sí. Àjọ ITU, tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní G.114. Ó dá a lábàá pé kí ohùn má ṣe lò ju 150 ms lọ ní àlọ nìkan, kí ọ̀rọ̀ lè dán mọ́rán. (1,000 ms ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.) Láti ọjọ́ tí bàbá yẹn ti jáde ni mo ti mọ̀ pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán.

Ẹ̀yin ò lo sátẹ́láìtì, wáyà abẹ́ òkun ló ń gbé ọ̀rọ̀ yín. Ẹ mú wáyà MainOne tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010 ṣe àpẹẹrẹ. Ó gùn tó 7,000 kìlómítà, láti ilẹ̀ Pọ́túgàl wá síbí. Nínú wáyà onígíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200 kìlómítà láàárín 1 ms. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: 35 ms ni ohùn yín máa lò lórí òkun. Ẹ wá fi ti orí ilẹ̀ kún un láti Èkó dé Abẹ́òkúta, àti láti Pọ́túgàl dé Manchester, kò ní kọjá ààlà. Òkun kọ́ ló ń gé ohùn ọmọ yín. Inú ilé yín ni mo fura sí.

Ilé ìyá ìyá mi wà ní Òkè-Àdó. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà fún ojúlé mẹ́fà. Obìnrin kan ń pọn omi tà níbẹ̀, ogún kẹ́ẹ̀gì ló máa ń tò sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tó bá gbé ife kan wá, tó kàn fẹ́ fi lo oògùn fún ẹni tó ń ṣàìsàn, àfi kó dúró de ogún kẹ́ẹ̀gì. Omi ń ya, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ìlà ló gùn. Bí ráútà yín, àpótí tó ń pín Wi-Fi nínú ilé, ṣe ń ṣe nìyẹn. Fídíò àwọn ọmọ ni ogún kẹ́ẹ̀gì, ohùn yín ni ife. Ohùn kì í wúwo rárá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìpè máa ń gé e sí ìdì kéékèèké, bí 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á máa fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìdì ohùn tó bá pẹ́ jù lójú ọ̀nà ti di àkàrà àná. Fóònù kejì á jù ú nù, ẹ̀yin á sì gbọ́ pé ohùn gé.

Kí ló mú kí ìlà náà gùn? Ní 2010, Jim Gettys, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ń wá ìdí tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ fi máa ń kú tó bá ti ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́. Ó rí i pé àwọn tó ń ṣe ráútà ti fi ààyè ìkóǹkanpamọ́ púpọ̀ sínú wọn, torí ààyè yẹn ti di pọ́ọ́kú. Dípò kí ráútà ju ìdì tó pọ̀ jù nù, ńṣe ló ń tò wọ́n jọ, ó ń tò wọ́n jọ. Ó pe àìsàn yìí ní bufferbloat.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ó yẹ kí ráútà máa ju nǹkan nù. Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1986, láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California ní Berkeley, tí kò jìnnà síra wọn ju 400 yáàdì lọ, iyára ṣubú láti 32,000 bíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí 40. Ogójì péré! Van Jacobson, onímọ̀ kan ní Lawrence Berkeley, wádìí rẹ̀. Bí ọ̀nà ti ń kún, àwọn kọ̀ǹpútà ń tún ìdì tó sọnù fi ránṣẹ́ láìsinmi, wọ́n sì túbọ̀ ń dí ọ̀nà. Oògùn tó tẹ̀ jáde ní 1988 ni pé kí kọ̀ǹpútà tó bá rí i pé ìdì sọnù dẹ ẹsẹ̀ ìrìn, kó má sáré mọ́. Orí oògùn yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣì dúró lé títí dòní. Ìdì tó sọnù ni agogo ìkìlọ̀. Ráútà tó ń kó gbogbo ẹ̀ jọ ti di agogo náà lẹ́nu.

Ní 2012, Jacobson kan náà àti Kathleen Nichols gbé ọ̀nà tuntun kan jáde tó ń wo bí ìdì ṣe pẹ́ tó lórí ìlà. Àwọn mìíràn wá fi kún un pé kí oníkálukú máa bọ́ síwájú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kà á, ojú ìyá àgbà mi ni mo rí. Òfin tó fi lélẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi nìyẹn lọ́jọ́ tí ọmọ onífe yẹn sunkún: kẹ́ẹ̀gì kan, kóo padà sẹ́yìn. Obìnrin tó ń pọn omi tà yẹn rojọ́, ṣùgbọ́n ogún kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣì ń kún kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Lálẹ́, kí gbogbo ilé má tan nǹkan kan. Ẹ ṣí ojú-ìwé tí wọ́n ti ń dán iyára wò, ẹ fi mégà sílẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ "ms" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ tan fídíò wọn, kí ẹnì kan sì máa fi fọ́tò ránṣẹ́ láti orí fóònù, kẹ́ ẹ tún un wò. Tó bá fò láti nǹkan bí 100 sí 500 tàbí 600, ẹ ti mú olè náà. Ẹ sọ fún ẹni tó so ó pé kó tan ohun tí wọ́n ń pè ní SQM nínú ráútà, òun ló ń lo irú òfin kẹ́ẹ̀gì kan yẹn, kó fi í sí 18 mégà dípò 20, kí ìlà má baà lọ gùn níbi tí ráútà kò ti ní agbára lé e. Tí ráútà yín kò bá ní i, ẹ bẹ àwọn ọmọ fún ìdajì wákàtí. Kẹ́ ẹ sì pa ètò tó ń kó fọ́tò lọ sí Google láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Mo ti rí i nínú ilé púpọ̀ pé fọ́tò àríyá ló ń dí ọ̀nà mọ́ ìyá lọ́rùn.

*Ẹ̀gbọ́n wa, olùkọ́ wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣí sílẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì, pé gbogbo ìlànà rẹ̀ wà ní gbangba tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ṣé kò ní sàn kí wọ́n fi pamọ́ kí àwọn olè má baà kà á? Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀.*

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi nínú gan-an. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i sílẹ̀ ni. Ní oṣù kẹrin 1969, Steve Crocker, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìẹ ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, kọ àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC (Request for Comments). Orúkọ yẹn kò ju pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. O lè kà wọ́n lórí fóònù rẹ lálẹ́ òní láìsan kọ́bọ̀. Torí pé wọ́n ṣí sílẹ̀ ni ráútà tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà fi ń bá èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀.

Wo èyí tí wọ́n fi pamọ́. Ìlànà A5/1, tó ń sọ ọ̀rọ̀ orí fóònù GSM di àdììtú, ọdún 1987 ni wọ́n ṣe é ní Yúróòpù, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ní 1994 ó ti ń jò síta. Ní 1999 àwọn kan tú fóònù kan, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ jáde. Nígbà tí GSM máa fi dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001, àṣírí ti di orin ìta. Ohun tó sì ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi pa á mọ́, àwọn onímọ̀ ìṣirò tí ì bá tọ́ka sí àléébù rẹ̀ kò rí i kà. Àléébù náà jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de olè.

Wá wo WPA2, tó ń ṣọ́ Wi-Fi láti 2004. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ìṣirò jẹ́rìí rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá 2017, Mathy Vanhoef ní KU Leuven, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, fi hàn pé àléébù kan wà nínú bí fóònù àti ráútà ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá pàdé. Ó ti kọ́kọ́ sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kí aráyé tó gbọ́, wọ́n sì tún sọ́fútíwíà wọn ṣe. Ìlànà tó wà ní gbangba ló jẹ́ kó rí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ ni kóo fi pamọ́. Bí àgádágodo ṣe ń ṣiṣẹ́, jẹ́ kí gbogbo alágbẹ̀dẹ wò ó.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣí sílẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gba ara wọn gbọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan á kàn kéde fún aládùúgbò rẹ̀ pé "ọ̀dọ̀ mi lọ̀nà ibí yìí gbà," aládùúgbò á sì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2018, MainOne, ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà tí mo dárúkọ lókè, ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe ní Èkó, ó sì ṣèèṣì kéde pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà Google gbà. China Telecom gbà á gbọ́, ó sọ fún àwọn mìíràn. Fún ìṣẹ́jú 74, àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ Google, kò jẹ́. MainOne fúnra rẹ̀ jáde, ó ní àṣìṣe ni, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn. Asẹ́ ni oògùn rẹ̀: kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan sẹ́ ìkéde aládùúgbò rẹ̀ kó tó gbé e mì. Tóo bá ń wá ibi tí ìwádìí ti ṣì kù púpọ̀ láti ṣe, ibẹ̀ ni.

*Mo ní ilé oúnjẹ ní Àkúrẹ́. Mo ṣe Wi-Fi ọ̀fẹ́ fún oníbàárà, kò ní password. Ọ̀gá kan wá bínú pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jí owó òun ní báńkì. Ṣé òótọ́ ni?*

Ẹ kọ́kọ́ fi sùúrù bi í bóyá ó tẹ líǹkì kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, tàbí ó ka OTP fún ẹnì kan lórí fóònù. Ibẹ̀ lowó ti máa ń bọ́ jù. Áàpù báńkì ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú kó tó kúrò nínú fóònù, torí náà ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù kò lè kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn sùn. Lórí Wi-Fi tí kò ní password, ohun tí áàpù kò bá dì, gbangba ló wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹnì kan sì lè gbé Wi-Fi tirẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé oúnjẹ yín gan-an, kó máa darí àwọn oníbàárà sí ojú-ìwé ayédèrú. Ẹ fi password sí i, kẹ́ ẹ lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Tí ẹ bá máa ra ráútà tuntun, ẹ béèrè èyí tó ní WPA3, torí lórí WPA2, ẹni tó mọ password tó wà lára ògiri ṣì lè rí ọ̀nà yọjú sí ti ẹlòmíràn. Èyí tó ká mi lára jù lọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya POS àti kámẹ́rà yín sọ́tọ̀ kúrò lórí Wi-Fi oníbàárà. Mo ti wọ ilé oúnjẹ kan rí, mo sì rí kámẹ́rà kọ́ńtà wọn lórí fóònù mi kí ìrẹsì tó délẹ̀.

*Mo ń ṣe POS ní Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n ní wáyà abẹ́ òkun já ní 2024, tèmi kú pátápátá, ti ìyá tó wà ní òdìkejì títì ń ṣiṣẹ́. Kí ló fà á?*

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024 ni. Wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ìyá òdìkejì ń gba ọ̀nà mìíràn ni, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì SIM rẹ̀ ni, bóyá ti báńkì rẹ̀. Wáyà Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kẹrin 2022, kò sí lára àwọn tó já, ẹni tó bá sì ti ra ààyè lórí ẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó ní wáyà mẹ́ta lè máa fọ́nnu pé òun kò lè ṣubú, kí gbogbo wáyà mẹ́ta wá gba ibì kan náà kọjá lábẹ́ omi. Ibi tí wáyà gbà ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ láti Èkó sí Òṣogbo kò tilẹ̀ yẹ kó rí òkun rárá: torí ìyẹn ni wọ́n ṣe dá IXPN sílẹ̀ ní Èkó ní 2006, kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa lè máa pàdé nílé. Tí báńkì bá lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí Yúróòpù, owó tẹ́ ẹ fún aládùúgbò yín ti di arìnrìn-àjò òkèèrè. Ẹ ní SIM méjì tí ilé-iṣẹ́ wọn yàtọ̀, kẹ́ ẹ sì ní POS báńkì méjì.

*Mo wà ní ọdún ìkẹyìn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ ṣe prójẹ́ẹ̀tì lórí Wi-Fi ọgbà wa. Wọ́n ní kí n kàn fi sọ́fútíwíà àfarawé ṣe é. Kí lẹ rí sí i, ma?*

Àfarawé dára láti fi mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Lọ wọ̀n ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wá láàpútọ́ọ̀pù àlòkù méjì, gbé ọ̀kan sí ilé ìkàwé, ọ̀kan sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fi ping (ìkíni kékeré tó ń wọn bó ṣe pẹ́ tó kí ìdáhùn tó dé) kí ibi mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: ráútà tó sún mọ́ ọ, ẹ̀rọ kan ní Èkó, ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Tí ti ráútà bá pẹ́, ọgbà yín ló lẹ́bi. Tó bá jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan, gbójú sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á fún ọ ní 40,320 ìwọ̀n láti ibi kọ̀ọ̀kan. Má ṣe máa dán mégà wò lemọ́lemọ́, dátà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lò ń jẹ.

Má mú ìpíndọ́gba nìkan wá fún wọn. Tí ìwọ̀n 99 bá jẹ́ 40 ms, tí ọ̀kan bá jẹ́ 4,000, ìpíndọ́gba á sọ fún ọ pé 80 ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú ọgbà yẹn tó rí 80. Ẹni tí 4,000 bá lójú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ni kóo kọ̀wé nípa rẹ̀. Kọ àkókò tí iná lọ sílẹ̀ àti àkókò tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, torí ìdajì ìdáhùn rẹ lè wà níbẹ̀. Gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó Wi-Fi kóo tó bẹ̀rẹ̀, kí o má sì ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń kọjá.

Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ wò ó. Má pa èyí tí kò dáa nínú ẹ̀ rẹ́.